Ìṣó Kan Ṣoṣo Tó Wà Nínú Yàrá Marudamuthu

Mo gbé ọwọ́ lé àyà, mo sì ṣèlérí fún gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí pé ìtàn yìí kò ní gùn. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin nìkan ló gùn. Ẹni tó bá gbé ìkòkò kaná, kó fi í síbẹ̀; màá parí kó tó jóná. Bó bá jóná ṣáájú mi, ẹ dín iná kù lọ́jọ́ mìíràn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú irin náà kúrò ní ìlú Mysuru, Marudamuthu wọ yàrá ìgbafẹ́ rẹ̀ láti ṣí kọ́tìnì, ó sì rí i pé ẹnì kan ti gbé ẹ̀gbà òdòdó kọ́ ara fọ́tò àlejò kan. Òdòdó malli ni, àwọn funfun kéékèèké olóòórùn dídùn tí àwọn obìnrin ibẹ̀ máa ń fi sí irun. Ó dà bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sín in tán ni. Ìrì ṣì wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo fèrèsé ọkọ̀ náà ni wọ́n ti dí pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, kò sì sí ibi tí ìrì lè gbà wọlé. Ẹni tó ni fọ́tò náà jókòó sábẹ́ rẹ̀ gan-an, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ó ń ka ìwé ìròyìn.

Marudamuthu ni olórí àwọn agbáwo, àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún àlejò nínú ọkọ̀ náà. Ayaba Gúúsù ni wọ́n ń pe ọkọ̀ ọ̀hún, ààfin ni wọ́n sì ní kí àwọn èrò máa kà á sí. Ẹnu ẹ̀rọ omi rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ wúrà. Omi kì í sábà jáde níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dán. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbé àwọn olówó kiri ilẹ̀ gúúsù, láti ààfin dé tẹ́ḿpìlì, láti tẹ́ḿpìlì dé òkìtì òkúta tó ti jẹ́ ààfin rí. Bí àlejò bá ti wọlé, wọ́n á fi ẹ̀gbà òdòdó sí i lọ́rùn, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á sì gbé fọ́tò náà kọ́ ara ògiri yàrá ìgbafẹ́ títí ìrìn-àjò á fi parí. Bó bá ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n á gbé e fún un bí ẹ̀bùn.

Ẹ̀gbà lọ́rùn èèyàn, ọlá ni. Ẹ̀gbà lára fọ́tò èèyàn, ìyẹn ti di nǹkan mìíràn. Ní ilẹ̀ Tamil tí Marudamuthu ti wá, òkú nìkan ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Kò sí ilé tí ẹ máa wọ̀ tí ẹ ò ní bá bàbá àgbà kan lára ògiri, tó ń ranjú mọ́ yín láàárín òdòdó. Ìyàwó Marudamuthu fúnra rẹ̀ wà lára ògiri nílé wọn ní Thanjavur. Ọjọ́ tó bí Malarvizhi, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní, ni ó dé ara ògiri yẹn. Ọmọ wọlé, ìyá jáde. Láti ìgbà náà, Marudamuthu máa ń ra malli fún fọ́tò ìyàwó rẹ̀ nírọ̀lẹ́ tó bá wà nílé, kì í sì í fẹ́ gbọ́ òórùn rẹ̀ níbòmíràn.

Nítorí náà, ó yọ ẹ̀gbà ọ̀hún kíá, ó fi pamọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá," ó ní. "Ẹni tó ṣe eléyìí kò rò ó kó tó ṣe é."

Ọkùnrin náà sọ ìwé ìròyìn kalẹ̀. Vairavan ni orúkọ rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò Chettinad, arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ funfun láti òkè délẹ̀. Bàtà rẹ̀ pàápàá, funfun ni.

"Inú ò bí mi," ó ní. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ilé tí ọmọ ti ń sùn. "Ìyàwó mi ló ṣe é."

"Ṣé ẹ̀yin àti ìyàwó yín lẹ jọ wọkọ̀ ni?"

"Rárá o. Ó wà nílé. Ó kàn fẹ́ràn mi jù ni." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Marudamuthu, jọ̀ọ́, máa bá mi yọ ọ́ láràárọ̀. Mo fẹ́ rí ibi tí ọkọ̀ yìí ń lọ."

Marudamuthu bá a rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, ó sì ti kọ́ ọ pé bí olówó bá sọ ohun tí kò yé èèyàn, kí èèyàn kà á sí àwàdà.

Ẹ̀yin lè sọ pé kó ju òdòdó náà sínú garawa ìdọ̀tí, kí ọ̀rọ̀ tán. Ohun tí ẹlòmíràn ì bá ṣe nìyẹn, ì bá sì ti dára. Ṣùgbọ́n òdòdó tí wọ́n bá ti fi wọ òkú tàbí òrìṣà, àwọn èèyàn ibẹ̀ kì í dà á mọ́ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Omi tó ń ṣàn ni wọ́n ń jù ú sí. Wọ́n sì ti kọjá odò Kaveri kílẹ̀ tó mọ́. Marudamuthu wá pinnu pé òun á tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí àwọn bá tún kan odò.

Yàrá rẹ̀ kò fẹ̀ ju àpótí aṣọ lọ. Bẹ́ẹ̀dì kan ló wà níbẹ̀, àti ìṣó kan. Lára ìṣó náà ló gbé fọ́tò Malarvizhi kọ́. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe ayẹyẹ oyún fún un ni wọ́n yà á, ìyẹn ọjọ́ tí àwọn obìnrin máa ń fi ẹ̀gbà onígíláàsì kún ọwọ́ aláboyún, kí ọmọ inú lè máa gbọ́ bó ṣe ń dún. Ó ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò náà, ẹ̀gbà kún ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Marudamuthu gbé òdòdó kọ́ ìṣó, ó sì rọra tì í sẹ́yìn férémù kó má bàa kan iwájú, nítorí kì í ṣe òmùgọ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ pín kọfí.

Oṣù oyún Malarvizhi ti pé. Marudamuthu ti bẹ ọ́fíìsì kí wọ́n jẹ́ kí òun jókòó sílé títí ọmọ á fi dé. Wọ́n dá a lóhùn pé ọkọ̀ kò lè rìn láìsí òun. Ọ̀rọ̀ náà wú u lórí díẹ̀, kó tó rántí pé ẹ́ńjìnnì ló ń fà á. Ohun tó kù tó ń dì mú ni pé ọkọ̀ náà á dúró ní Thanjavur, Malarvizhi á sì wá pàdé rẹ̀ ní ibùdó ọkọ̀, yálà pẹ̀lú ikùn ni o, yálà pẹ̀lú ọmọ. Kó ṣá ti fojú rí i. Ohun kan ṣoṣo tó ń bẹ Ọlọ́run fún láti ìgbà tí oyún náà ti dé nìyẹn: pé kí ìyá má bá ẹsẹ̀ ọmọ jáde lẹ́ẹ̀kejì.

Ó pe Malarvizhi lórí fóònù ní ọ̀sán ọjọ́ náà.

"Appa, ṣé ẹ ti jẹun?" Bó ṣe máa ń kí bàbá rẹ̀, tó ń pè ní Appa, nìyẹn.

"Mo ti jẹ. Ìwọ ńkọ́?"

"Mò ń jẹ fún èèyàn méjì, mò ń sanra fún mẹ́rin. Elango ní àfi kí òun wó ògiri kí n tó lè gba ẹnu ọ̀nà jáde."

"Sọ fún ọkọ rẹ kó kọ́kọ́ tún fáànù ṣe."

"Ó ti gbọ́ yín, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Appa, ẹ má gbàgbé àdídùn Mysuru mi o. Bẹ́ ẹ bá débí lọ́wọ́ òfo, mi ò ní fi ọmọ hàn yín."

"Mo ti rà á. Mò ń lọ bọ̀."

"Ẹ lọ kẹ́ ẹ bọ̀, Appa."

Wọn kì í sọ pé "mò ń lọ" lásán ní ilẹ̀ wọn. Ẹni tó fẹ́ lọ ra iyọ̀ ní ìkángun àdúgbò á sọ pé òun ń lọ bọ̀. Òkú nìkan ló ń lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ní Hampi, gbogbo àlejò yòókù sọ̀kalẹ̀ lọ wo òkìtì òkúta. Wọ́n padà pẹ̀lú eruku pupa dé orúnkún, wọ́n ń sọ pé àwọn ti rí ohun ńlá. Vairavan kò kúrò lórí àga rẹ̀, ojú fèrèsé ló ti ń wo ìta. Bàtà rẹ̀ funfun bó ṣe wà lọ́jọ́ tó wọlé. Odò wà ní Hampi, odò ńlá, ṣùgbọ́n agbáwo kì í bá àlejò dé etí odò. Àwọn àwo ló ń dúró dè é.

Ẹ̀gbà tuntun sì ti wà lára fọ́tò náà láàárọ̀. Marudamuthu yọ ọ́, ó gbé e kọ́ ìṣó lé orí ti àná. Ti àná kò rọ. Ìrì ṣì wà lára rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Gnanam, alásè, sọ fún un nígbà tó gbé àwo padà wá, "àlejò yín tó wọ funfun yẹn, ṣé ààwẹ̀ ló ń gbà ni, àbí àwọn èèyàn ti sọ fún un nípa ọbẹ̀ mi?"

"Kò fọwọ́ kàn án?"

"Ẹ wò ó. Kò tiẹ̀ da ìrẹsì rú. Láti ọjọ́ tó ti wọlé nìyẹn. Àní eṣinṣin kò bà lé e."

Marudamuthu wo àwo náà. Oúnjẹ ẹlòmíràn ṣì ń rú èéfín. Ti Vairavan tutù bí ohun tó ti wà lórí tábìlì láti ọdún tó kọjá. Nígbà tó sì padà sí yàrá ìgbafẹ́, ó kíyè sí ohun tí kò kíyè sí tẹ́lẹ̀: tìmùtìmù tí arúgbó náà jókòó lé kò rì. Ó wà pẹrẹsẹ bíi pé kò sẹ́ni lórí rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Vairavan mu kọfí. Ó kọ́kọ́ fi ètè kàn án, ó dúró, ojú rẹ̀ yí padà bíi ti ẹni tó gbọ́ ohùn ará ilé rẹ̀ lókèèrè. Lẹ́yìn náà ó mu ún tán.

"Ó dùn," ó sọ jẹ́jẹ́. "Marudamuthu, ó dùn gan-an. Bá mi bù sí i."

Ní àkókò kan náà, ní Thanjavur, òtútù ń mú Malarvizhi.

"Òtútù, nínú oòrùn yìí?" ni bàbá rẹ̀ bi í lórí fóònù.

"Elango ti da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò mí. Ó ní bó bá di ọ̀la a máa lọ sí ọsibítù kí wọ́n yẹ̀ mí wò. Ẹ má dààmú, bóyá ọmọ yìí ló gbé yìnyín wá." Bàbá rẹ̀ gbọ́ tó fimú fa afẹ́fẹ́. "Appa, malli ń rùn nínú ilé. Mi ò mọ ẹni tó rà á. Elango ní òun ò gbọ́ òórùn kankan."

Marudamuthu lọ sí yàrá rẹ̀. Òórùn náà lù ú lójú bó ṣe ṣílẹ̀kùn. Àwọn òdòdó wà lẹ́yìn férémù níbi tó fi wọ́n sí, àfi ẹyọ kan ṣoṣo tó ti yọ sí iwájú, tó fara kan èjìká ọmọ rẹ̀ nínú fọ́tò. Ọkọ̀ ojú irin ń mì, ó sọ fún ara rẹ̀. Gbogbo nǹkan ló ń sún nínú ọkọ̀ ojú irin. Ó ti ẹyọ náà padà sẹ́yìn.

Wọ́n kọjá Kaveri lákòókò oúnjẹ. Ó gbọ́ bí ìró irin ṣe yí padà lórí afárá, ọkàn rẹ̀ sì sáré lọ sí ìdí ìṣó. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ gbígbóná wà lọ́wọ́ rẹ̀, àlejò kan sì ń bi í bóyá ata wà nínú rẹ̀. Kó tó dáhùn pé ata kò sí, tó sì jẹ́ irọ́, odò ti tán.

Ẹ̀gbà kẹta dé láàárọ̀. Ó gbé e kọ́ ìṣó. Vairavan jẹ ìrẹsì, ó jẹ ẹ̀wà, ó lá ọwọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún. Tìmùtìmù rì lábẹ́ rẹ̀.

Ní Chettinad, inú ilé ńlá kan ni àlejò ti máa ń jẹun ọ̀sán, ilé àwọn oníṣòwò àtijọ́ tí òpó igi rẹ̀ ga ju igi àgbọn lọ. Àwọn agbáwo ọkọ̀ ló ń pín oúnjẹ níbẹ̀. Vairavan nìkan ni kò bá wọn lọ. Ó ní ilé yẹn kò ṣàjèjì sí òun.

Opó tó ni ilé náà ń jẹ́ Unnamalai, Aachi ni gbogbo ayé ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ìyá ilé ní àdúgbò yẹn. Marudamuthu ń bu ọbẹ̀ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ níwájú àwọn àlejò nígbà tó gbójú sókè. Àwọn òkú ilé náà tò sára ògiri, olúkúlùkù pẹ̀lú òdòdó rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn kò ní òdòdó. Aṣọ funfun ló wọ̀. Ojú tí Marudamuthu ti ń bu kọfí fún láti Mysuru ló ń wò ó láti inú férémù yẹn.

Ó gbé abọ́ ọbẹ̀ kalẹ̀.

"Ìyá," ó bi Aachi lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ta ni bàbá yìí?"

"Ọkọ mi ni." Ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu férémù náà.

"Ẹ ò fi òdòdó sí wọn."

"Ojoojúmọ́ ni mò ń fi sí i. Tí mo bá fi sí i nírọ̀lẹ́, mi ò ní bá a láàárọ̀. Àwọn ọmọ mi ní eku ni. Wọ́n ti dẹ tàkúté káàkiri. Ìwọ náà sọ ọ́, eku wo ló ń gbé odindi ẹ̀gbà lọ tí kò já ewé kan sílẹ̀?"

Marudamuthu tún gbójú wo férémù náà.

"Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yín yẹn kó tó kú," ni Aachi ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ó ní òun ti ṣòwò dé Rangoon lókè òkun, òun ò sì tíì rí Hampi. Ó ní bí òun bá tiẹ̀ kú, òun á wọ ọkọ̀ náà. Ẹ̀rín la fi rín. Ìyá mi máa ń sọ pé ẹni tí òdòdó kò bá dúró lára rẹ̀ kò tíì gbà pé òun kú. Ó ní òdòdó ọ̀hún kì í sòfò. Bí kò bá dúró lára rẹ̀, á dúró lára ẹlòmíràn." Ó yíjú sí i. "Kí ló ṣe ọ́, ọmọkùnrin mi? O ò tíì jẹun ni?"

Marudamuthu kò bi í léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn náà. Ó fi ọbẹ̀ sílẹ̀, ó fi àlejò sílẹ̀, ó sá jáde. Ẹni tí kò sáré láti ìgbà èwe rẹ̀ sáré nínú oòrùn ọ̀sán dé ibùdó ọkọ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ funfun lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú yàrá rẹ̀, àwọn ẹ̀gbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti sún sí iwájú. Wọ́n yí fọ́tò náà ká dáadáa, bí ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́ ṣe máa ń tò ó. Ojú Malarvizhi nìkan ló kù láàárín wọn, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó fà wọ́n já kúrò. Ó pe fóònù ọmọ rẹ̀. Ó dún, ó dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó pe ti Elango. Kò sẹ́ni tó gbé e.

Vairavan ń jẹun ní yàrá ìgbafẹ́. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ọbẹ̀ ti ta sí àyà aṣọ funfun rẹ̀, kò sì bìkítà.

"Ẹ gbà á padà," ni Marudamuthu wí. Ó na àwọn òdòdó náà sí i. "Tiyín ni. Mo ti dé ilé yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á padà."

"Mo ní kó o máa bá mi yọ ọ́," ni arúgbó náà dáhùn. "Mi ò ní kó o gbé e kọ́ ibì kankan."

"Ọmọ mi ni. Òun nìkan ni mo ní."

"Mi ò mọ̀ pé ọmọ rẹ ni. Mo kàn mọ̀ pé láti ara ẹnì kan ni adùn yìí ti ń wá." Kò sí ìkà lójú rẹ̀. Èyí ló burú jù. "O ò mọ bí iyọ̀ ṣe ń rí lẹ́nu ẹni tó ti kúrò láyé, Marudamuthu. O ò lè dá mi lẹ́bi."

Marudamuthu gbé ẹ̀gbà náà kọ́ fọ́tò Vairavan lára ògiri. Ó já bọ́. Ó tún gbé e kọ́ ọ, ó tún já bọ́, bíi pé ara férémù náà ń yọ̀ bí ẹja. Vairavan nu ọwọ́, ó dìde, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe.

"Mò ń lọ bọ̀," ó ní.

Ó sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀, ó dojú kọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Bó ṣe ń lọ, eruku pupa bẹ̀rẹ̀ sí í bo bàtà rẹ̀.

Kí wọ́n tó dé Thanjavur, ọkọ̀ náà máa ń kọjá odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gbé omi Kaveri lọ sí oko ìrẹsì. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí ọbẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ipá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó da àwọn òdòdó náà sómi, ó sì rí wọn tí wọ́n léfòó. Ìgbà tó yá ló ṣàkíyèsí pé Thanjavur ni omi náà ń ṣàn lọ, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí wọ́n dúró. Malarvizhi sì wà níbẹ̀. Ó dá dúró lórí pèpéle ibùdó ọkọ̀ láàárín èrò, aṣọ aláwọ̀ ewé lára rẹ̀, ó ń juwọ́ sí i. Marudamuthu di irin ẹnu ọ̀nà mú. Ọlọ́run ti gbọ́ tirẹ̀.

"Appa, ẹ ti pẹ́ jù," ó ní. "Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ikùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ọmọ dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ Elango. Obìnrin ni. Imú yín ló ní, ká sáà máa bẹ Ọlọ́run." Ó gòkè wá sínú ọkọ̀. "Ẹ jẹ́ kí n jókòó díẹ̀, ẹsẹ̀ ń ro mí."

Ó jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Marudamuthu sáré gbé àdídùn Mysuru wá. Malarvizhi gbà á, ó wò ó, ó gbé e sẹ́nu, ó tún yọ ọ́, ó tọ́jú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́.

"Kò ní adùn," ó sọ, bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. "Kò ní nǹkan kan."

Bàbá rẹ̀ wo tìmùtìmù. Kò rì.

Fóònù dún lápò rẹ̀. Elango ni.

"Bàbá." Ọmọ ọwọ́ kan ń ké lẹ́yìn rẹ̀. "Ọmọ wà láyé. Obìnrin ni."

"Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

Marudamuthu wo àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

"Ẹ̀jẹ̀ ni, Bàbá. Wọn ò lè dá a dúró. Lọ́sàn-án yìí ni. Kó tó pajú dé, ó ní kí n sọ fún yín pé òun ń lọ."

"Ó ń lọ bọ̀."

"Rárá, Bàbá. Ó ní òun ń lọ."

Wọ́n sun òkú rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nílẹ̀ wọn. Elango gbé fọ́tò ọjọ́ ayẹyẹ oyún náà, irú èyí tó wà lọ́wọ́ bàbá ìyàwó rẹ̀, kọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá Malarvizhi, ó sì ń fi malli tuntun sí i ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Láàárọ̀, kì í bá a níbẹ̀. Lára ìṣó kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá Marudamuthu ló máa ń wà, tòun tìrì.

Ó ń yọ ọ́. Bó bá ti yọ ọ́, tó sì wọ yàrá ìgbafẹ́ láti ṣí kọ́tìnì, á bá Malarvizhi lórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

"Appa, ọyàn ń ro mí," ló máa ń sọ. "Mò ń gbọ́ igbe ọmọ, mi ò mọ ọ̀nà tí mo lè gbà débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òdòdó yẹn wà lára férémù. Ẹ jẹ́ kí n lọ sùn."

"Ó dọ̀la," ni bàbá rẹ̀ máa ń dáhùn.

Ọwọ́ rẹ̀ ti gbé òdòdó kọ́ ara fọ́tò ìyàwó rẹ̀ rí. Ó ti gbìyànjú láti fi í sílẹ̀ lára ti ọmọ. Á dúró níwájú rẹ̀, á ká ọwọ́ sẹ́yìn, á ka ẹ̀gbà tó wà lọ́wọ́ ọmọ nínú fọ́tò. Kí kọfí tó hó, á ti yọ ọ́.

Wọn kì í gba àlejò mọ́ ní ilé Aachi. Àwọn aládùúgbò ní ó ń se oúnjẹ èèyàn méjì, kì í sì í ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí Marudamuthu ń ṣe báyìí ni pé bó bá ti yọ ẹ̀gbà náà, á gbé e kọ́ apá, á rìn gba iwájú àwọn fọ́tò tó wà lára ògiri yàrá ìgbafẹ́ kọjá. Á dúró díẹ̀ níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Gbogbo wọn ló ń rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín ni. Lẹ́yìn náà á lọ sídìí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, á sì jù ú sódò, bí odò bá wà níbẹ̀.

Ní ìrìn-àjò tó kọjá, Gnanam gbé ife kan padà wá láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ta ló ń jókòó síbẹ̀ yẹn gan-an? Ó ti mu kọfí rẹ̀ dé ìdajì lónìí."

Marudamuthu gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀.

Mo ní kò ní gùn, kò sì gùn. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín fún: ẹ má jẹ́ kó jáde lẹ́nu yín. Ẹ má sọ fún Elango, tó ṣì ń dẹ tàkúté fún eku tó rò pé ó ń jí òdòdó rẹ̀. Ẹ má sì bi Marudamuthu léèrè ibi tó ń gbé ẹ̀gbà náà kọ́ láwọn àárọ̀ tí ọkọ̀ kò bá kan odò.